Ẹni Tó Ń Kọ́ Olùkọ́ Ìṣirò ní Bouaké

Ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò tó ti ṣòwò dé Côte d'Ivoire ló mọ Bouaké sí ìlú ọjà, níbi tí ọkọ̀ tó ń ti Àbìjàn lọ sí Mali àti Burkina Faso ti ń gbà kọjá. Àwọn tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìjọba ti fi ẹ̀rọ dán iṣẹ́ olùkọ́ wò kò tó nǹkan.

Ní 1971, àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n. Sítúdíò tó wà ní Bouaké ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ náà, ìṣirò wà níbẹ̀, èdè Faransé wà níbẹ̀. Lábúlé tí kò sí iná, bátìrì ni wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ. Faransé, UNESCO àti Báǹkì Àgbáyé wà lára àwọn tó ti ètò náà lẹ́yìn, wọ́n sì gbé iṣẹ́ kíkọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ lé àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní CAFOP lọ́wọ́. Àmọ́ Bouaké ni àṣẹ ti ń jáde. Ohùn olùkọ́ kì í tètè padà débẹ̀. Owó tí wọ́n ń ná sí i pọ̀, àwọn òbí ń ráhùn, inú olùkọ́ kò dùn. Nígbà tí ọdún 1980 kọjá díẹ̀, wọ́n pa á tì.

Ní 1970, ọdún kan ṣáájú ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò. Iṣẹ́ yẹn kò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé olùkọ́ àtàwọn tó ń kọ́ wọn jọ jókòó, kí wọ́n jọ wá ọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ kọ ìwé.

Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ girama Bouaké ń ṣe lónìí. Àwọn olùkọ́ ìṣirò láti ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ra a máa para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Unité Pédagogique. Ẹnì kan á kọ́ kíláàsì, àwọn yòókù á jókòó sẹ́yìn máa wò ó. Bó bá parí, wọ́n á tú ẹ̀kọ́ náà palẹ̀. Wọ́n lè bi í pé kí ló dé tó fi sáré kọ òfin Thalès nípa onígun mẹ́ta sójú pátákó, tí kò kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ lọ wọn òjìji igi níta. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ a máa ta ni lára, pàápàá bó bá ti ẹnu ẹni tó kéré síni jáde. Àwọn olùdámọ̀ràn láti APFC, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àfikún fún olùkọ́, ló ń tọ́ ẹgbẹ́ wọ̀nyí sọ́nà. Olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ làwọn náà.

Ogun ti da irú nǹkan báyìí rú rí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2002, Bouaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, yunifásítì ìlú náà kó lọ sí Àbìjàn, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì sá lọ. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló di ṣọ́ọ̀kì mú.

Àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ ìṣirò ní Bouaké kò sì dá wà. Láti àwọn ọdún 1990 ni ìwé ìṣirò CIAM, tí Saliou Touré láti Àbìjàn ṣe agbátẹrù rẹ̀, ti kó àwọn olùkọ́ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé jọ sídìí tábìlì kan. ADiMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí a ṣe ń kọ́ ìṣirò ní Áfíríkà, pàdé ní Natitingou, ní Benin, ní 2018. Ìpàdé àgbáyé àwọn elédè Faransé lórí kíkọ́ni ní ìṣirò sì wáyé ní Kútọnu ní 2022.

Síbẹ̀, PASEC 2019, ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, fi hàn pé ó ju mẹ́jọ lọ nínú ọmọ mẹ́wàá tó ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire tí kò kúnjú òṣùwọ̀n nínú ìṣirò. Ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tí wọ́n ń pè ní PEC, ń pín ọmọ sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n mọ̀, láìwo kíláàsì tí wọ́n wà. Láti Íńdíà ni ọgbọ́n náà ti wá. Òfin kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ gbogbo yá lò: olùdámọ̀ràn kò gbọdọ̀ kọ́ olùkọ́ kankan, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti kọ́kọ́ fi ọ̀nà náà kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì fún ọjọ́ mélòó kan.