Dave Bing: Iṣẹ́ Tí Ó Kọ́ Nígbà Ìsinmi

Bí a bá péjọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n bá bẹ́ sílẹ̀, Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sì burú, tiwa-ń-tiwa ni. Ṣùgbọ́n lónìí, a fẹ́ kí ẹ bá wa wo ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbá a ṣáájú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa tí a ń kàwé lókè òkun, tí a kò tíì mọ ohun tí a ó fi ìwé náà ṣe. Dave Bing ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Washington, D.C. ni a ti bí i ní 1943. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìṣó gún un lójú òsì níbi tí ó ti ń ṣeré, ojú náà kò sì ríran dáadáa mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gbá bọ́ọ̀lù dé Yunifásítì Syracuse, tí ẹgbẹ́ Detroit Pistons fi mú un ní 1966. Ní àkókò eré 1967 sí 1968, àmì 2,142 ni ó gbà. Kò sí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo NBA lọ́dún náà.

Owó agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà kò tó ti ìsinsìnyí rárá. Nígbà tí Bing fẹ́ yá owó ra ilé, báǹkì kọ̀, wọn kò yá a. Ẹlòmíràn ìbá bínú lọ. Bing ní tirẹ̀ wọ iṣẹ́ báǹkì. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi, ó ń kọ́ bí owó ṣe ń rìn. Ẹ fojú inú wò ó ná: ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀ lóṣù Èrèlé, òun ni ó ń ka owó olówó lóṣù Agẹmọ!

Ní 1971, ọwọ́ alátakò kan gún un lójú ọ̀tún, awọ inú ẹyinjú rẹ̀ sì ṣí kúrò. Ojú tí ó gbójú lé nìyẹn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì tún padà sórí pápá, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Lójú tiwa, láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ báǹkì ti kúrò ní ohun àfikún.

Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1978. Kò dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ kíákíá nítorí pé ó lórúkọ. Ọdún 2 ni ó fi kọ́ òwò irin lábẹ́ àwọn ẹlòmíràn kí ó tó dá Bing Steel sílẹ̀ ní 1980, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 4. Ó kọ́kọ́ pàdánù owó. Lẹ́yìn náà ni General Motors bẹ̀rẹ̀ sí rajà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di 1984, Ààrẹ Reagan ti fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá.

Ní 2009, nígbà tí ó di ẹni ọdún 65, àwọn ará Detroit dìbò yàn án ní méyọ̀. Ìlú tí ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 1.8 ń gbé ní 1950 kò ju bí 714,000 lọ mọ́ ní 2010, gbèsè sì ti wọ ọ́ lọ́rùn. Bing gé ìnáwó títí, ó sú u. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2013, gómìnà yan ẹlòmíràn tí yóò máa ṣàkóso owó ìlú lé e lórí. Ní oṣù Agẹmọ, Detroit lọ sí kóòtù láti sọ pé òun kò lè san gbèsè òun.

Àwọn kan ní kò ṣe dáadáa tó. Gbèsè ọ̀pọ̀ ọdún ni ó bá nílẹ̀, àwa kò sì ní dá a lẹ́bi rẹ̀. Síbẹ̀, a kò ní tan yín: ọ̀gá iléeṣẹ́ lè pàṣẹ kí ó sì ṣẹ, ṣùgbọ́n méyọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìlú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti gómìnà láti bá fà á. Kò sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kankan tí ó fi kọ́ ìyẹn.

Kò díje mọ́. Lẹ́yìn tí ó kúrò lórí àga ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, ó dá Bing Youth Institute sílẹ̀ ní Detroit, níbi tí àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ti ń mú àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú mọ́ra, tí wọ́n ń bá wọn rìn títí wọn yóò fi parí ilé-ìwé girama.