Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti sáré gbẹ̀yìn? Bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láì ṣe ara yín léṣe

Ìjókòó ti pọ̀ jù láyé ọ̀pọ̀ wa. Ẹlòmíì á jókòó nínú mọ́tò dé ibi iṣẹ́, á jókòó síbi iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, á tún délé jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ tí dókítà bá ní kó máa ṣe eré ìdárayá, á wọ kánfáàsì, á sáré bíi pé wọ́n ń lé e. Kó tó di ọjọ́ kẹta, orúnkún ti wú, eré ti parí.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kì í ṣe àkókò kan náà ni eré máa ń mọ́ gbogbo ẹ̀yà ara lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mímí á ti máa rọrùn. Ṣùgbọ́n egungun àti àwọn iṣan tó so mọ́ ọn máa ń gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó le dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí i pé àwọn ò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́, wọ́n á fi kún eré, ojúgun tàbí gìgísẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn, tàbí tí àyà máa ń dùn yín tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn, ẹ rí dókítà ná.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Josh Clark, ará Amẹ́ríkà, gbé ètò kan kalẹ̀ lọ́dún 1996 tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K, kí ẹni tí kì í sáré lè dẹni tó ń sá kìlómítà 5. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 5 rìn kánmọ́kánmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 60, ẹ rìn fún 90, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìṣẹ́jú 20 á fi pé. Ẹ sinmi lọ́jọ́ kejì. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá le jù, ẹ tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.

Tẹ́ ẹ bá ń sáré tẹ́ ẹ ò lè sọ gbólóhùn kan parí, eré yẹn ti pọ̀ jù.

Ẹ jáde láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ sì mu omi. Pápá ilé ìwé sàn ju títì lọ. Tó bá jẹ́ títì ni, ẹ kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀, ẹ yọ íápíìsì létí.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dúró

Kí itan ro yín fún ọjọ́ kan sí méjì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Àmọ́ tí ojú kan bá ń dùn yín, tó sì ń le sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sáré, ẹ dúró. Tí àyà bá ń fún yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ọsíbítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí kò tíì lè sáré, kó máa rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú 30 rìn kánmọ́kánmọ́ lọ́jọ́ 5, ó pé.