Ìdí tí okùn tí a fà le jù fi máa ń já: Ẹ̀kọ́ físíìsì tó ń dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn àgbà ló sọ pé bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wà nídìí ẹ̀kọ́ kan tó máa ń dààmú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ girama tó ń múra ìdánwò WAEC àti JAMB nínú físíìsì, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń pín ipá tí okùn fi ń fa nǹkan sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan a kàn há ìlànà rẹ̀ sórí, wọn kò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i. Ẹni tó bá gba ojú títì láti Ifàkì kọjá sí Ọ̀yẹ́ títí dé Ìkọ̀lé yóò rí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí lẹ́yìn ilé, yóò sì rí wáyà iná lórí òpó.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní àgbẹ̀ kan fẹ́ gbé àpò iṣu kọ́ kí ewúrẹ́ má baà dé ibẹ̀. Ìwọ̀n àpò náà jẹ́ kílógíráàmù 50. Ó so okùn mọ́ igi méjì, ọ̀kan lápá Ọ̀yẹ́, èkejì lápá Ìkọ̀lé, ó sì fi àpò náà kọ́ àárín gbùngbùn. Kì í ṣe òkè tààrà ni okùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọjú sí, ó fì sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: apá kan ipá rẹ̀ ń gbé ẹrù sókè, apá kejì ń fà á sí ẹ̀gbẹ́.

Èyí tó ń fà á lọ sí Ọ̀yẹ́ àti èyí tó ń fà á lọ sí Ìkọ̀lé dọ́gba, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ìdí nìyẹn tí àpò náà fi dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé e sókè para pọ̀ ni, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kílógíráàmù 25 ló kan ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti gbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ ni igun tí okùn fi fì. Bí igun náà láti ìbú bá jẹ́ dígírì 30, ìdajì péré nínú ipá okùn ló ń lọ sókè. Kí ó tó lè gbé 25, ó gbọ́dọ̀ fa 50. Bí okùn bá rọ̀ dé dígírì 60, nǹkan bíi 29 ni yóò fà. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ wa bá ní òun kò fẹ́ kí okùn rọ̀ rárá, tó fà á le títí igun náà fi ku dígírì 10, ipá ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò di 144. Tó bá ku dígírì 5, ó di nǹkan bíi 287. Bẹ́ẹ̀ iṣu kan ṣoṣo kò kún inú àpò o! Bí okùn bá sì nà gbọọrọ láìfì rárá, kò sí apá kankan nínú ipá rẹ̀ tó ń lọ sókè mọ́. Kò sí okùn náà láyé yìí tó lè gbé ẹrù láàárín kó má rọ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí. Àwọn tó ń fi kéréènì gbé irin níbi iṣẹ́ ìkọ́lé kì í fẹ́ kí igun okùn wọn kéré sí dígírì 30, nítorí bí okùn bá já, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló wà nínú ewu. Àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná náà a máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wáyà rọ̀ díẹ̀ láàárín òpó méjì. Bí ọyẹ́ bá dé, òtútù a máa mú wáyà súnkì. Èyí tí wọ́n ti fà le jù nígbà oòrùn lè já, ó sì lè fa òpó wó.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Simon Stevin kọ nípa bí ipá ṣe ń para pọ̀ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1586, Isaac Newton náà sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1687. Lónìí, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà l'Ọ̀yẹ́-Èkìtì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2011, tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà n'Ìkọ̀lé, kò lè sá fún un.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán okùn àti ẹrù náà. Ẹ fi mẹ́wàá sọ kílógíráàmù di Newton. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti wọn igun náà dáadáa. Bó bá jẹ́ láti ìbú, sáìnì ni ti òkè, kósáìnì ni ti ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ láti òòró, ẹ pààrọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń so okùn náà, ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ni.