Òdòdó Àbàtà Tí A Fi Ṣe Wàsíyà

Iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí ni ó sọ mí di ẹni tí a máa ń pè sí ibi tí a bá ti ń pín ogún. Mo ti rí i tí a pín ilé, tí a pín oko kòkó, tí a pín aṣọ òkè àti ìkòkò irin. Mo sì ti gbọ́ wàsíyà oríṣiríṣi. N kò gbọ́ ti òdòdó rí, àfi ìgbà tí mo ka ìtàn obìnrin kan ní Lúìsíánà, ìpínlẹ̀ kan ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí odò ńlá Mississippi ti ń wọ inú òkun.

Áírìsì ni wọ́n ń pe òdòdó náà. Ewé rẹ̀ gùn ṣóṣóró bí idà, ìdí rẹ̀ sì ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí atalẹ̀ ti ń rìn. Ibi tí omi dúró sí ni ó fẹ́, irú àkùrọ̀ tí àwa ń gbin kókò sí. Èyí tí ó tóbi nínú wọn lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí aró. Òmíràn pọ́n bí bàbà. Ọ̀kan tún wà tí ó pupa, tí ó jẹ́ pé àbàtà ẹ̀bá ìlú Abbeville nìkan ni ilé rẹ̀ ní gbogbo ayé. Bí wọ́n bá tanná pọ̀ lójú kan, oyin a máa gbé ìyẹ̀fun èyí fún tọ̀hún, wọn a sì bí ọmọ aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ọ̀mọ̀wé John K. Small láti New York rí wọn ní nǹkan bí 1925, ó sì fún púpọ̀ wọn ní orúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn mìíràn tó wá fi hàn pé àdàlù tí oyin ṣe ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń gbẹ omi àbàtà láti fi kọ́lé. Obìnrin kan, Mary Swords DeBaillon, ará Lafayette, kó áírìsì jọ láti inú àbàtà, ó sì gbìn wọ́n sí ọgbà rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1940, ó fi àwọn òdòdó náà sílẹ̀ fún Caroline Dormon. Ẹ wò ó, obìnrin yìí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí yóò bomi rin ín.

Briarwood, ilé Dormon, wà nínú igbó igi páìnì, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti àbàtà. Ó wá ibi tí ó tutù níbẹ̀ fún òdòdó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní 1941 ni àwọn olólùfẹ́ áírìsì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ DeBaillon. Ẹgbẹ́ náà ti pa orúkọ dà, ṣùgbọ́n àmì-ẹ̀yẹ kan fún irú áírìsì yìí ṣì ń jẹ́ orúkọ obìnrin yẹn títí di òní.

Dormon kan náà ni ó ran Ellen Shipman lọ́wọ́ nígbà tí ó ń ṣètò ọgbà Longue Vue ní New Orleans, fún ìdílé Stern. Áírìsì wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀. Omi ìjì Katrina bo ọgbà náà ní 2005, wọ́n sì tún un gbìn. Ẹnikẹ́ni lè wọ ibẹ̀ lọ wò ó lónìí.

Nígbà tí mo ń ka èyí fún àwọn ará ilé mi, ìyàwó mi bi mí pé, “Bàbá Sàlámátù, ṣé ewé náà ṣe é fi pọ́n ẹ̀kọ ni?” Mo ní kò ṣe é pọ́n ẹ̀kọ, kò sì ṣe é jẹ. “Kí ni wọ́n wá ń yọ ara wọn lẹ́nu sí?”

Ìdáhùn mi nìyí. Láti 1932, Lúìsíánà ti pàdánù ilẹ̀ etí òkun tí ó lé ní 1,800 máìlì onígun mẹ́rin. Omi iyọ̀ sì ń wọ ibi tí omi dídùn wà tẹ́lẹ̀, áírìsì kò sì lè fara da iyọ̀ púpọ̀. Ní 1990 ni ìjọba ibẹ̀ sọ aláwọ̀ aró náà di òdòdó igbó ti ìpínlẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n oyè kì í dá omi òkun dúró. Ọgbà ń pa èyí tí a ti kó mọ́. Nínú àbàtà ni oyin ti ń bí tuntun, ohun tí mo sì rò ni pé ẹni tí ó tọ́jú ọgbà tí ó gbàgbé àbàtà, ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston tàbí ní Lúìsíánà, bí wọ́n bá fẹ́ gbin áírìsì sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa èyí tí ó yẹ́lò, tí ó wá láti Yúróòpù àti àríwá Áfíríkà. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sínú odò, yóò lé onílé jáde. Kí wọ́n má sì wú ti inú igbó. Kí wọ́n ra ti ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń gbìn ín tà, kí wọ́n gbìn ín ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, kí wọ́n fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí oòrùn má bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìdí kọ̀ọ̀kan ń tanná. Àwọn tí ó bí sí ẹ̀gbẹ́ ni yóò tanná lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí náà kí wọ́n má ṣe hú u dànù. Kí wọ́n sì má jẹ́ kí ọmọdé fi ìdí rẹ̀ sẹ́nu, nítorí a máa da inú rú.