Àkókò ìkórè kánábíìsì

Àkókò ìkórè kánábíìsì ni ìgbà tí òdòdó abo ewéko Cannabis sativa, tí àwọn Yorùbá ń pè ní igbó, bá ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí oje inú rẹ̀ fi pé, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá tàbí kí ó máa jẹrà. Àkókò yìí kò gùn. Ẹni tí ó bá kórè ṣáájú rẹ̀ yóò rí òdòdó tí kò wúwo, tí agbára rẹ̀ kò sì pé. Ẹni tí ó bá sì dúró pẹ́ jù lè pàdánù gbogbo ohun tí ó gbìn lọ́wọ́ òjò àti òtútù. Kò sí kàlẹ́ńdà tí ó lè sọ ọjọ́ náà ní pàtó. Ara ewéko náà fúnra rẹ̀ ni à ń wò, pàápàá jù lọ àwọn irun oje kéékèèké tí ó bo òdòdó rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí dáadáa.

Ibi tí òfin ti fàyè gbà á

Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 gba àwọn àgbàlagbà láàyè láti gbin igi kánábíìsì tí kò ju 4 lọ sí ilé kan. Ilé ni iye yìí wà fún, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ń gbé inú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Quebec kò fàyè gba gbígbìn nílé, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kánádà sì fìdí ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ náà láti kà á léèwọ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2023. Ní Urugúáì, òfin ọdún 2013 fàyè gba igi 6 fún ilé kan. Ní Gúúsù Áfíríkà, Ilé Ẹjọ́ tí ń rí sí Òfin Ìpìlẹ̀ ṣe ìdájọ́ ní ọdún 2018 pé àgbàlagbà lè gbìn ín ní ìkọ̀kọ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Jámánì fàyè gba igi 3 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2024.

Àwọn òfin mìíràn tilẹ̀ ka gbígbó ewéko náà sí ìdiwọ̀n. Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe òfin tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí ní ọdún 2012 fàyè gba igi 6 fún àgbàlagbà kan, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti dàgbà tí ó sì ti ń yọ òdòdó nínú wọn kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Ní Kánádà, ènìyàn kò gbọdọ̀ gbé igi tí ó ti ń yọ òdòdó jáde sí ìta gbangba.

Ní Nàìjíríà, òfin kò fàyè gba gbígbìn, níní, títà tàbí mímu igbó. NDLEA, àjọ tí ń gbógun ti òògùn olóró, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ni ó ń mú àwọn tí ó bá rú òfin náà.

Bí ewéko náà ṣe ń yọ òdòdó

Kánábíìsì jẹ́ ewéko ọlọ́dún kan: yóò hù, yóò yọ òdòdó, yóò sì kú láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ó ní akọ, ó sì ní abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ́pẹ ṣe ní. Òdòdó abo ni oje pọ̀ sí jù lọ. Bí lẹ́búlẹ́bú akọ bá bà lé òdòdó abo, agbára rẹ̀ yóò lọ sí ara èso, oje rẹ̀ yóò sì dínkù. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń gbìn ín fún òdòdó fi máa ń fa akọ tu ní kété tí wọ́n bá ti dá a mọ̀.

Gígùn òru ni ó ń sọ fún ọ̀pọ̀ irú ewéko yìí pé ó tó àkókò láti yọ òdòdó. Ní ìta gbangba ní gúúsù Kánádà, òdòdó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí ọ̀sán bá ti ń kúrú, yóò sì gbó láti ìparí oṣù Kẹsàn-án sí àárín oṣù Kẹwàá. Nínú ilé, àwọn tí ń gbìn ín máa ń tan iná fún wákàtí 12, wọn a sì pa á fún wákàtí 12, kí ewéko náà lè gbà pé àsìkò ti yí padà. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 11 kí ó tó gbó. Àwọn irú tí ó ti ilẹ̀ olóoru wá lè gbà ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ. Irú kan tún wà tí kì í wo gígùn òru rárá, tí ó ń yọ òdòdó nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó.

Àwọn tí ń ta èso rẹ̀ máa ń kọ iye ọ̀sẹ̀ sí ara páálí. Àfojúbù ni iye yìí. Ìmọ́lẹ̀, ooru, oúnjẹ inú ilẹ̀ àti omi lè fa ọjọ́ náà síwájú tàbí kí ó dá a dúró, tó bẹ́ẹ̀ tí igi méjì tí a gbìn ní ọjọ́ kan náà lè má gbó ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Àwọn àmì gbígbó

Irun òdòdó

Àmì tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni àwọn irun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yọ láti inú òdòdó abo láti gba lẹ́búlẹ́bú akọ. Iṣẹ́ kan náà ni irun orí àgbàdo ń ṣe, àyípadà wọn sì jọra. Nígbà tí òdòdó bá ṣì kéré, irun wọ̀nyí funfun, wọ́n sì nà gbọnrangandan. Bí òdòdó bá ti ń gbó, wọn a pọ́n, wọn a di aláwọ̀ ilẹ̀, wọn a sì ká wọ inú. Nígbà tí ó bá ti ju ìdajì wọn lọ tí ó ti yí padà, ó tó àkókò láti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ igi náà wò lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ ṣe mọ̀ pé irun àgbàdo lè gbẹ nítorí ọ̀dá kí ọmọ rẹ̀ tó gbó, bẹ́ẹ̀ náà ni irun kánábíìsì lè pọ́n láìtọ́jọ́. Òjò, ooru líle, ọwọ́ tí ń kan án léraléra tàbí lẹ́búlẹ́bú akọ lè fà á. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, igi tí ó ti gbó lè tún máa yọ irun funfun tuntun lórí. Nítorí náà, ẹ̀rí irun òdòdó nìkan kò tó.

Irun oje

Ẹ̀rí tí ó dájú jù lọ wà lára àwọn irun oje. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn kan kéré gan-an. Àwọn kan ní orí ṣùgbọ́n wọn kò ní igi ẹsẹ̀ gígùn. Àwọn tí ó tóbi jù lọ sì dúró lórí igi ẹsẹ̀, tí orí wọn rí roboto bí olú. Inú orí wọ̀nyí ni ewéko náà ti ń ṣe èròjà tí ooru ń sọ di THC, èyí tí ó ń pa ènìyàn bí ọtí. Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni ni wọ́n yọ THC sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ṣàlàyé bí a ṣe tò ó, ní Ísírẹ́lì ní ọdún 1964.

Pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ní ìlọ́po 30 sí 60, a lè rí ìpele mẹ́ta. Ní ìpele àkọ́kọ́, orí irun náà mọ́ gaara bí dígí. Òdòdó náà kò tíì gbó. Ní ìpele kejì, ó funfun bí omi ògì; ìgbà yìí ni THC sábà máa ń pọ̀ jù lọ. Ní ìpele kẹta, àwọ̀ rẹ̀ di ti oyin. Èyí fi hàn pé oje náà ti ń darúgbó. Afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti ooru a máa sọ THC di èròjà mìíràn tí a ń pè ní CBN, tí agbára rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbìn ín máa ń kórè nígbà tí púpọ̀ jù lọ nínú irun náà bá funfun, tí díẹ̀ nínú wọn sì ti ní àwọ̀ oyin. Àwọn kan gbà pé bí àwọ̀ oyin bá pọ̀, òdòdó náà máa ń fa oorun. Ẹ̀rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún èyí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára.

Ibi tí a wò ṣe pàtàkì. Ara òdòdó fúnra rẹ̀ ni kí a wò, kì í ṣe àwọn ewé kékeré tí ó yọ láàárín rẹ̀, nítorí pé irun orí ewé máa ń tètè di aláwọ̀ oyin, ó sì lè tan ènìyàn láti kórè ṣáájú àkókò. Òdòdó òkè sábà máa ń gbó ṣáájú ti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ibì kan ṣoṣo kò tíì wo igi náà. Ìmọ́lẹ̀ funfun ni ó yẹ kí a fi wò ó, nítorí pé iná aláwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ oyin kò ní jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀.

Ewé

Bí òdòdó bá ti ń gbó, àwọn ewé ńlá ìsàlẹ̀ máa ń pọ́n, wọn a sì máa rẹ̀ dànù, nítorí pé ewéko náà ń kó oúnjẹ inú wọn lọ sí òkè. Ìdí òdòdó náà a wú. Àmì wọ̀nyí wúlò láti ti àwọn yòókù lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ebi, omi àpọ̀jù tàbí àìsàn náà lè mú kí ewé pọ́n.

Òjò, òtútù àti ìjẹrà

Fún ẹni tí ó gbìn ín sí ìta ní Kánádà, ohun tí àwọ̀ irun oje ń sọ àti ohun tí ojú ọ̀run ń sọ lè tako ara wọn. Ìgbà tí òdòdó bá ń gbó gan-an ni òjò ìgbà ìwọ́wé àti ìrì alẹ́ ń pọ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Alberta àti Saskatchewan, ìrì dídì lè ti bọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, kí òdòdó tó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀tá tí ó burú jù lọ ni olú àìfojúrí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Botrytis cinerea, ọ̀kan náà tí ń ba èso àjàrà jẹ́. Ó ń fa ìjẹrà aláwọ̀ eérú, inú òdòdó tí ó ki tí ó sì tóbi jù lọ ni ó sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè dé. Nítorí náà, òdòdó tí ó dára jù lọ lójú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Àmì àkọ́kọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ewé kékeré kan ṣoṣo tí ó gbẹ láàárín òdòdó tútù, tí ó sì já wẹ́rẹ́ nígbà tí a fà á. Bí a bá ya òdòdó náà sí méjì, inú rẹ̀ yóò ti di aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú. Gígé ibẹ̀ dànù ni ọ̀nà àbáyọ. Gbígbẹ kì í wo ìjẹrà sàn. Mímu òdòdó tí ó ti hu léwu, pàápàá fún àwọn tí agbára ìdáàbòbò ara wọn ti dínkù, nítorí pé àwọn olú àìfojúrí bíi Aspergillus lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Ìdí nìyí tí ìkórè fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Bí irun oje bá ti ń funfun, tí òjò ọ̀sẹ̀ kan sì ń bọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní ìrírí máa ń gé e, nítorí pé ohun tí wọn yóò pàdánù nípa kíkórè ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú kéré sí ohun tí ìjẹrà lè mú lọ. Níbi tí òfin ti fi mọ sí igi mẹ́rin péré, igi kan tí ó bá jẹrà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ gbogbo ọdún. Àwọn mìíràn máa ń gé òdòdó òkè tí ó ti gbó, wọn a sì fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Gbígbẹ

Ìkórè tí ó bọ́ sí àkókò lè bàjẹ́ sí ibi gbígbẹ. Wọ́n máa ń so ẹ̀ka kọ́ sínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n ooru 15 sí 21 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14. Bí ó bá gbẹ kíákíá jù, òórùn rẹ̀ yóò sá lọ. Bí ó bá pẹ́ jù nínú ọ̀rinrin, yóò hu. A kì í sá a sí oòrùn bí a ṣe ń sá kòkó tàbí èlùbọ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ àti ooru ni wọ́n ń ba THC jẹ́.

Hẹ́ḿpù: níbi tí pípẹ́ ti lòdì sí òfin

Hẹ́ḿpù jẹ́ kánábíìsì tí THC inú rẹ̀ kéré gan-an. Àwọn tí ń gbìn ín fún okùn máa ń kórè nígbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kí okùn náà tó le jù. Ní Amẹ́ríkà, òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ọdún 2018 fi ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo gbígbẹ ṣe ààlà THC. Àwọn tí ń gbìn ín fún CBD fẹ́ kí òdòdó gbó dáadáa, nítorí pé CBD ń pọ̀ bí ó ti ń gbó. Ṣùgbọ́n THC náà ń bá a pọ̀. Ìlànà ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021 ní kí a mú àpẹẹrẹ fún àyẹ̀wò láàárín ọjọ́ 30 ṣáájú ìkórè. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ti ré ààlà kọjá, àgbẹ̀ kò lè tà á gẹ́gẹ́ bí hẹ́ḿpù, ó sì lè di dandan fún un láti pa gbogbo oko náà run.

Ohun tí àmì kò lè sọ

Àwọ̀ irun oje ń sọ bí òdòdó ti gbó tó. Kò lè sọ iye THC tí ó wà nínú rẹ̀. Irú èso tí a gbìn ni ó ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀, ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó sì lè wọ̀n ọ́n. Ọjà tí ó bá òfin mu ní Kánádà gbọ́dọ̀ ní iye THC lára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a gbìn sí ẹ̀yìnkùlé kò ní. Ẹni tí ó kórè rẹ̀ dáadáa lè má mọ̀ pé ó lágbára ju èyí tí ó ti mọ̀ lọ. Fún ìdí kan náà, ó gbọ́dọ̀ wà ní títì pa, níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kò ti lè tó o, láti ìgbà tí ó ti wà lórí igi títí di ìgbà tí ó bá wà nínú ìgò.