Ẹ Má Fojú Kékeré Wo Ọ̀fun Tó Ń Dun Ọmọ
Ọkàn wa ní ilẹ̀kùn 4. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde lọ sí gbogbo ara.

Ogbó lè mú kí ilẹ̀kùn yìí le. Àìsàn ọ̀fun tí a kò tọ́jú nígbà èwe náà lè bà á jẹ́: ara á gbóná, oríkèé á máa roni, ọkàn á sì fara gbọgbẹ́.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, èémí kì í tó mọ́, àyà a máa dunni, òòyì a máa kọ́ni. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ ni a fi ń pààrọ̀ ilẹ̀kùn tó bàjẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Pẹnisilíìnì lè wò ó sàn kí ọ̀ràn tó dé ọkàn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.