Ara Tí Ó Sanra Ha Lè Le Bí?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohùn wa kò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ sísanra. Bí ọmọ wa kan bá lọ sí Èkó tí ó sanra bọ̀, a ó ní, “Èkó mà bá ọ lára mu o!” Bí ó bá rù bọ̀, a ó máa wádìí lábẹ́lẹ̀ bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a yìn lánàá bá gun òkè lónìí tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwa kan náà ni a ó máa fi í rẹ́rìn-ín pé ọ̀rá ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Èwo ni kí ẹni tí ó sanra gbà nínú méjèèjì? Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ tóbi gan-an lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le?

Ọ̀rọ̀ yìí di ìṣòro gidi fún ìyá elẹ́lùbọ́ kan tí ó ń ná ọjà Apòmù. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé fóònù rẹ̀ tọ̀ mí wá ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìkòyí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó ni wọ́n kọ̀wé ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní àwọn gbọ́ lórí rédíò pé ọkàn ẹni tí ó bá sanra jù lè dákẹ́ lójijì, nítorí náà kí ìyá àwọn palẹ̀ igbá mọ́, kí ó jókòó sílé, àwọn yóò máa fi owó oúnjẹ ránṣẹ́. Ìyá náà ní, “Tíṣà, bá mi tún un kà. Àbí mo ti di aláìsàn tí n kò mọ̀ ni?”

Ẹni tí ó bá mọ ìyá yìí yóò mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ nídìí. Ó sanra lóòótọ́, aránṣọ rẹ̀ kì í sì í yé ráhùn lórí iye ọ̀pá aṣọ tí bùbá rẹ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, òun ni yóò bá ọmọkùnrin tí ń ràn án lọ́wọ́ gbé àpò èlùbọ́, òun ni yóò ru igbá lọ sí ibùdókọ̀, tí yóò sì máa kí ènìyàn lọ́tùn-ún lósì láì dúró mí. Olùkọ́ kan sì wà láàrin wa tí ó tín-ín-rín bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀. Ọ̀kadà ní í gbé e láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, bí ó bá sì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ògiri ni yóò dì mú kí èémí rẹ̀ tó balẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì sọ fún un pé kí ó lọ jókòó sílé. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Àwọn oníṣègùn kì í fi ojú lásán wọn ìsanra. Wọn a mú ìwọ̀n ènìyàn ní kílò, wọn a fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, wọn a sì tún fi gíga náà pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ohun tí ó jáde bá tó 30 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀, onítọ̀hún ti sanra jù. Ìyá elẹ́lùbọ́ wa ga ní mítà 1.60, ó sì wọn kílò 95. Ẹ ṣe ìṣirò náà, ẹ ó rí 37. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, ó ju ẹnì kan lọ nínú ènìyàn mẹ́jọ láyé tí ó sanra dé ìwọ̀n yìí. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí (èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ni mo sì ń sọ ọ́) kò sọ ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìwọ̀n ni ó mọ̀, kò mọ ìrìn.

Ìrìn ni dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jerry Morris, fi ojú sí. Ní ọdún 1953, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ìlú náà, nǹkan bí 31,000 ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 35 sí 64. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni wọ́n ń lò. Awakọ̀ a jókòó sójú kan ní gbogbo ọjọ́. Kọndọ́kítọ̀ a máa gòkè, a máa sọ̀ kalẹ̀, láti já tíkẹ́ẹ̀tì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gun àtẹ̀gùn 500 sí 750 lójúmọ́. Ìlú kan náà, iṣẹ́ kan náà. Síbẹ̀ àrùn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀ ju àwọn kọndọ́kítọ̀ lọ, ó sì ń pa wọ́n jù.

Àwọn kan ní bóyá ìsanra ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ yẹ ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ wọn wò, wọ́n sì sọ ọ́ ní 1956 pé lóòótọ́ ni ìbàdí ṣòkòtò àwọn awakọ̀ fẹ̀ jù. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀: aránṣọ ni ó di ẹlẹ́rìí! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn tín-ín-rín, àwọn alábọ́ọ́dé àti àwọn oníkùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kọndọ́kítọ̀ ṣì sàn ju awakọ̀ lọ ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kọndọ́kítọ̀ oníkùn ń jèrè àtẹ̀gùn rẹ̀. Morris fúnra rẹ̀ kú ní 2009, ẹni ọdún 99.

Ní Amẹ́ríkà, Steven Blair gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ọkùnrin kúkúrú tí ó sanra ni Blair, ó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún sáré, síbẹ̀ kò rù. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo àkọsílẹ̀ àwọn tí a ti gbé lé ẹ̀rọ tí a ń rìn lórí rẹ̀ lójú kan ní ilé ìwádìí Cooper ní ìlú Dallas. Wọn a máa gbé ẹ̀rọ náà ga sí i títí yóò fi rẹ ènìyàn. Nínú ọkùnrin 21,925 tí wọ́n ṣírò ní 1999, àwọn tín-ín-rín tí ẹ̀rọ náà tètè rẹ̀ ń kú ju àwọn tí ó sanra tí wọ́n lè fara dà á. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: iṣan ni ọkàn, ìrìn sì ń mú un lágbára, iṣan ẹsẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ a máa fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì máa rọlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má wá tìtorí èyí bu àmàlà kún àmàlà. Ní 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Birmingham yẹ àkọsílẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó sanra jù tí wọn kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn dára, ṣì ń ní àrùn ọkàn ju àwọn tí kò sanra lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ti ọkàn tí kò lè tú ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Wọ́n wá ń pariwo káàkiri pé irọ́ ni pé ara ẹni tí ó sanra lè le. Ní tèmi, ariwo náà ti pọ̀ jù, nítorí àìsí àrùn ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn èémí. Bẹ́ẹ̀ sì ni n kò lè sọ pé ẹrù náà kò wúwo. Ẹni tí ó sanra tí ó ń rìn dà bí oníṣòwò tí ó jẹ gbèsè ṣùgbọ́n tí ọjà rẹ̀ ń tà. Ẹni tí ó jókòó ni èlé ń gun gbèsè rẹ̀.

Àwọn oníjàkadì ilẹ̀ Japan tí a ń pè ní súmò jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe eré, abẹ́ awọ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá wọn máa ń wà, kì í pọ̀ jù yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi eré sílẹ̀ tí wọn kò dín oúnjẹ kù, ewu wọlé. Ẹ má sì da agbára apá pọ̀ mọ́ agbára èémí. Ọmọ wa, Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀, gba góòlù ní ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara ní Párísì ní 2024, ní ìsọ̀rí àwọn obìnrin tí ó wọ̀n ju kílò 86 lọ. Ó gbé irin tí ó ju kílò 160 lọ, kò sì sí obìnrin kan ní ìsọ̀rí náà láyé tí ó ti gbé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ, kí ó lọ gbé ìdajì rẹ̀ wò.

Ohun tí mo kọ sí àwọn ọmọ ìyá elẹ́lùbọ́ nìyí: bí wọ́n bá gba igbá ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrìn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ní í tìtorí ìyẹn dín. Mo ní kí wọ́n fi owó oúnjẹ náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru díẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kí ó dín iyọ̀ àti oúnjẹ dídín kù. Dòdò Ìkirè ni ó dun ìyá náà jù nínú gbogbo rẹ̀, mo sì bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn. Ó ṣì ń ná ọjà Apòmù.

Àwọn tí ń ta tíì tí ń fọ inú fún àwọn ìyá wa, ìgbẹ́ àti omi ara ni tíì wọn ń tú jáde, kì í ṣe ọ̀rá.

Ìyókù di ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀, àti àwa olùkọ́ tí a ń jókòó ti ìwé ọmọ. Ìṣẹ́jú 150 ní ọ̀sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà fi rìn kánmọ́kánmọ́, ó kéré tán: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún. Ìrìn náà yóò yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin. Lẹ́yìn náà, ẹ mú okùn kan tí ó gùn tó yín, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ẹ sì fi ká inú yín ní agbedeméjì egungun ìhà àti egungun ìbàdí. Bí kò bá ká a, ẹ má febi pa ara yín. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ní ilé ìlera, bí kò bá sì jìnnà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi lọ.